Ẹni tí Ó Rán Ara Rẹ̀ Níṣẹ́

Ní ilẹ̀ wa, bí a bá pàdé ẹni tí ó di ẹrù rẹ̀ ní kùtùkùtù òwúrọ̀, ìbéèrè méjì ni a máa ń bi í lẹ́yìn tí a bá ti kí i tán. Èkíní ni pé, "Ó di ibo?" Èkejì ni pé, "Ṣé àlàáfíà ni?" Ìbéèrè kìíní ń wá orúkọ ibi tí onítọ̀hún ń lọ, ìbéèrè kejì ń wá ìdí tí ó fi kúrò nílé. Ẹni tí a bi yóò sì dáhùn pé oko ni òun ń lọ, tàbí ọjà, tàbí pé wọ́n ń ṣe òkú àna òun, tàbí pé ara ọmọ òun kò yá ní ìlú kejì. Bí ó bá dáhùn pé kò sí ohun tí òun ń wá lọ, pé ó kàn wu òun láti rìn ni, a óò tún ojú wò ó. Bóyá a óò tilẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ẹbí rẹ̀.

Èyí fi hàn pé lójú àwọn baba wa, ìrìn-àjò jẹ́ iṣẹ́ tí a rán ni. Ebi lè rán ni, òwò lè rán ni, ọba lè rán ni, àna lè rán ni. Ṣùgbọ́n ẹnìkan tàbí ohun kan gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn ẹsẹ̀ tí ń rìn. Àní D. O. Fágúnwà pàápàá, nínú ìwé rẹ̀ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí ó jáde ní 1938, nígbà tí ó kó àwọn akọni ọdẹ jọ sí ọ̀nà Òkè Láńgbódó, kò jẹ́ kí wọ́n dìde fúnra wọn: ọba ni ó rán wọn, ire ìlú ni wọ́n sì ń wá lọ.

Kí ni kí a wá sọ nípa ẹni tí ọba kò rán, tí ebi kò lé, tí kò ní ọjà láti tà, ṣùgbọ́n tí ó fi ibùsùn àti oúnjẹ gbígbóná sílẹ̀, tí ó gbé àpò kọ́ ẹ̀yìn, tí ó sì kọjú sí igbó àti òkè fún oṣù mélòó kan, kìkì nítorí pé ó wù ú bẹ́ẹ̀? Ǹjẹ́ ó tọ́ kí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa ìnira sí ara rẹ̀ lọ́rùn? Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò, nítorí pé ó ju ọ̀rọ̀ ìrìn lọ. Ó kan ẹnikẹ́ni tí ó bá dáwọ́ lé ohun líle tí ẹnikẹ́ni kò fi dandan mú un ṣe.

Irú àwọn arìnrìn-àjò bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní ayé, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀nà kan ṣoṣo fún àpẹẹrẹ. Ní ìhà ìlà-oòrùn ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ọ̀wọ́ òkè kan wà tí à ń pè ní Appalachia. Ní 1921, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Benton MacKaye, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ mọ́ ìtọ́jú igbó, kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé ó yẹ kí a la ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ gba orí àwọn òkè náà, kí àwọn ènìyàn tí wàhálà ìlú ńlá ti sú lè rí ibi mí. Ní 1937 ni a là á já láti ìpínlẹ̀ Georgia ní gúúsù títí dé ìpínlẹ̀ Maine ní àríwá. Ìpínlẹ̀ 14 ni ó gbà kọjá, gígùn rẹ̀ lónìí sì tó nǹkan bí 3,500 kìlómítà. Ẹni tí ó bá fi ẹsẹ̀ rìn láti Èkó dé Kánò, tí ó padà sí Èkó, tí ó sì tún kọjú sí Kánò lẹ́ẹ̀kan sí i, kò tí ì rìn tó bẹ́ẹ̀. Lára igi àti àpáta ni a fi ọ̀dà funfun kun àmì sí, àmì tí kò gùn ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 15 lọ. Arìnrìn-àjò yóò sì máa ti ọ̀kan bọ́ sí èkejì, bí ọmọdé tí ń fi ìka tọ lẹ́tà inú ìwé. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń ṣán ọ̀nà náà, tí wọ́n sì ń tún àmì rẹ̀ kùn, kò gba kọ́bọ̀.

Lọ́dọọdún, nígbà tí òtútù bá ń kásẹ̀ nílẹ̀ ní oṣù Kẹta àti oṣù Kẹrin, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn a máa péjọ sí Òkè Springer ní Georgia, wọn a sì dojú kọ àríwá, kí wọ́n lè gun Òkè Katahdin ní Maine kí yìnyín tó bo orí rẹ̀. Oṣù márùn-ún sí méje ni ó máa ń gbà wọ́n. Wọn a sùn sínú àgọ́ tàbí abẹ́ ahéré onígi, wọn a pọn omi nínú odò, òjò a pa wọ́n, ẹ̀fọn a jẹ wọ́n, ẹsẹ̀ wọn a lé ròrò. Nínú mẹ́rin tí ó bá sì pinnu láti rìn ín tán láàárín ọdún kan, nǹkan bí ẹnìkan ṣoṣo ni ó máa ń dé òpin.

Mo mọ ohun tí àgbàlagbà ilẹ̀ wa yóò kọ́kọ́ sọ bí ó bá gbọ́ èyí. Yóò ní ìrìn kúrìn ní í mú ni rí ìríkúrìí. Yóò ní ẹni tí ìyà ti jẹ rí kì í fi owó ra ìyà. N kò lè fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí pé ojú mi ti rí ohun tí ó ń sọ. Iṣẹ́ mi gẹ́gẹ́ bí alábẹ̀wò ilé ìwé ti mú mi dé àwọn ìletò tí ọkọ̀ kì í dé, mo sì ti pàdé àwọn ọmọ kéékèèké ní ojú ọ̀nà ní ìdájí, bàtà wọn ní ọwọ́ kí ìrì má baà bà á jẹ́, tí wọ́n á rìn fún wákàtí kan àti ààbọ̀ kí wọ́n tó gbọ́ agogo ilé ìwé. Kò sí ẹni tí ń kọ orúkọ àwọn wọ̀nyí sínú ìwé ìròyìn. Kò sí ẹni tí ń pè wọ́n ní akọni. Ẹ̀tọ́ wo ni a wá ní láti yin ẹni tí ó yan ìrìn ní àyànfẹ́, nígbà tí ìrìn yan àwọn wọ̀nyí láìbèèrè lọ́wọ́ wọn?

Àtakò yìí lágbára, mo sì gbé e yẹ̀ wò fún ìgbà pípẹ́. Ohun tí ó là mí lójú ni ọ̀rọ̀ ààwẹ̀. Ebi ń pa ẹni tí kò rí oúnjẹ jẹ, ebi sì ń pa aláàwẹ̀. Ikùn àwọn méjèèjì ṣófo bákan náà. Síbẹ̀, kò sí Mùsùlùmí tàbí Onígbàgbọ́ tòótọ́ tí yóò sọ pé aláàwẹ̀ ń fi ẹni tí ebi ń pa ṣe ẹlẹ́yà. Ìdí ni pé ààwẹ̀ ní òfin. Aláàwẹ̀ mọ ìdí tí ó fi ń gbà á, ó mọ ìgbà tí yóò já a, ó mọ irú ẹni tí ó yẹ kí a yọ̀ǹda fún kí ó má gbà á. Bí ó bá sì gbà á dáadáa, yóò dìde níbẹ̀ pẹ̀lú àánú fún ẹni tí ebi ń pa ní tòótọ́. Bí ó bá fi ń yangàn, ó ti ba ààwẹ̀ rẹ̀ jẹ́. Nítorí náà, ìnira àfọwọ́fà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ nínú ara rẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí a bèèrè ni bóyá ó ní òfin, àti ẹni tí ó ṣe òfin náà.

Níhìn-ín ni mo ti rí i pé kò yẹ kí a pa ìbéèrè àwọn baba wa tì. Òtítọ́ ni pé ìrìn-àjò gbogbo jẹ́ iṣẹ́ tí a rán ni. Ẹni tí ẹlòmíràn kò rán kò tí ì bọ́ lọ́wọ́ òfin náà. Ara rẹ̀ ni ó rán ara rẹ̀. Ó di olúwa iṣẹ́, ó sì tún di ìránṣẹ́, gbèsè àwọn méjèèjì sì wà ní ọrùn rẹ̀. A sì mọ ohun tí ẹni rere tí ó fẹ́ rán ni níṣẹ́ máa ń ṣe. Èkíní, yóò sọ ohun tí iṣẹ́ náà jẹ́. Èkejì, yóò pèsè ohun tí ìránṣẹ́ yóò lò lọ́nà, kò sì ní di ẹrù tí ó ju agbára rẹ̀ lọ rù ú. Ẹ̀kẹta, yóò jẹ́ kí ará ilé mọ ibi tí ìránṣẹ́ náà lọ àti ìgbà tí a ń retí rẹ̀. Ẹ̀kẹrin, bí odò bá kún ní ojú ọ̀nà, tí ìránṣẹ́ sì padà wá sọ bẹ́ẹ̀, kò ní nà án. Ẹ jẹ́ kí a fi òṣùwọ̀n mẹ́rin yìí wọn àwọn tí ó ti jáde lọ.

Ní ti ìdí iṣẹ́, ẹ wo Earl Shaffer. Ọmọ ogun ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni, ó sì jà ní ìhà Òkun Pàsífíìkì nínú Ogun Àgbáyé Kejì. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wà tí wọ́n ti jọ pinnu láti ìgbà èwe pé àwọn yóò jọ rin ọ̀nà Appalachia. Ogun pa ọ̀rẹ́ náà ní erékùṣù Iwo Jima. Nígbà tí Shaffer padà sílé, ara rẹ̀ dé ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò dé. Ní oṣù Kẹrin 1948 ó kọrí sí òkè láti Georgia, òun nìkan, ó sì dé Katahdin ní oṣù Kẹjọ. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí a kọ sílẹ̀ pé ó rin ọ̀nà náà tán ní ìrìn kan. Ohun tí ó sọ pé òun ń wá lọ ni pé kí òun rin ogun náà jáde kúrò nínú ara òun. Ta ni yóò sọ pé ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́? Bí ọba kan bá rán an, kò lè rán an ní iṣẹ́ tí ó tọ́ sí i ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí tí a kò lè kà lé ìka fún ẹlòmíràn lè jẹ́ ìdí síbẹ̀. Ohun tí kò dára ni kí ènìyàn jáde láìbi ara rẹ̀ ní ìbéèrè náà rárá, tàbí kí ó jẹ́ pé ojú àwọn tí ń wòran nìkan ni ó rán an.

Ní ti ẹrù, ọ̀nà náà fúnra rẹ̀ ni olùkọ́. Ẹni tí ẹ̀rù bá ń bà máa ń di ẹrù púpọ̀. Bí ó bá ń bẹ̀rù òtútù, yóò di aṣọ mẹ́fà. Bí ó bá ń bẹ̀rù ebi, yóò di oúnjẹ ọjọ́ 10 fún ọ̀nà ọjọ́ mẹ́rin. Ní nǹkan bí 50 kìlómítà sí Òkè Springer, ní ibi tí à ń pè ní Neel Gap, ilé olókùúta kan wà tí ọ̀nà náà gba inú rẹ̀ kọjá, ìsọ̀ sì wà níbẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ arìnrìn-àjò ti ń tú ẹrù wọn palẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tí wọn a fi ìdajì rẹ̀ ránṣẹ́ sílé. Nígbà kan rí, igi kan wà lẹ́bàá ilé náà tí ògbólógbòó bàtà kọ́ sí ní ẹ̀ka rẹ̀ bí èso. Lójú tèmi, ẹ̀kọ́ ìwà ni èyí jẹ́. Kò sí ẹni tí ó lè mọ ohun tí ó pọ̀ jù fún un títí yóò fi gbé e gun òkè.

Obìnrin kan wà tí kò ní láti dúró kí ó tó kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Emma Gatewood ni orúkọ rẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ Ohio ni a bí i ní 1887. Iṣẹ́ oko ni ó ṣe, ọmọ 11 ni ó bí, ọkọ tí ó fẹ́ sì ń lù ú lálùbolẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí wọ́n tó kọ ara wọn sílẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún 1955, nígbà tí ó ti pé ọmọ ọdún 67, ó bẹ̀rẹ̀ ìrìn náà láti Georgia. Àpò tí ó gbé, ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi rán an, èjìká kan ni ó sì fi ń gbé e. Ẹrù inú rẹ̀ kì í sábà ju nǹkan bí kílò 9 lọ. Bàtà kánfáàsì ni ó wọ̀. Kò ní àgọ́, aṣọ ìbora àwọn ọmọ ogun ni ó fi ń sùn, aṣọ ike tí a fi ń bo ojú ilé ìwẹ̀ ni ó sì ta lé orí nígbà òjò. Ẹ̀pà, èso àjàrà gbígbẹ àti ẹran inú agolo wà lára oúnjẹ rẹ̀. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹsàn-án ọdún náà ni ó gun orí Katahdin. Ó tún rin ọ̀nà náà já ní 1957, ó sì parí rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀kẹta ní 1964, nígbà tí ó ti lé ní ẹni ọdún 70.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú ìtàn rẹ̀ tí ó kan òṣùwọ̀n kẹta. Nígbà tí màmá yìí ń jáde ní 1955, kò sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ ju pé òun ń lọ rìn díẹ̀. Wọn kò mọ̀ pé ọ̀nà tí ó tó 3,300 kìlómítà ní ayé ìgbà náà ni ó ń rìn. Ṣé ó ṣe dáadáa? Mo ti gbọ́ kí àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ náà bí àwàdà; èmi kò lè rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé bí ó bá ti sọ, wọn kì bá jẹ́ kí ó lọ. Mo sì mọ̀ pé obìnrin tí ó ti fi ọdún púpọ̀ gbé lábẹ́ ọwọ́ ẹni tí ń lù ú lè má fẹ́ tún tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́ láéláé. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti dàgbà, kò sí èyí tí ń retí oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà, n kò dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n n kò gbà pé kí gbogbo ayé fi í ṣe àwòkọ́ṣe níbi ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yìí. Bàbá tí ó ní ọmọ wẹ́wẹ́ nílé kò ní ẹ̀tọ́ sí irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀.

Ibi tí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ lè gbé ni dé, a rí i lára ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Christopher McCandless, ẹni tí Jon Krakauer kọ ìwé nípa rẹ̀ ní 1996. Ní 1990 tí ó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Emory, ó fi owó tí ó ní, nǹkan bí dọ́là 24,000, ta ẹgbẹ́ aláàánú lọ́rẹ, ó sì jáde lọ láìjẹ́ kí bàbá àti ìyá rẹ̀ mọ ibi tí ó wà. Ní oṣù Kẹrin 1992 ó wọ inú igbó kan ní Alaska pẹ̀lú ìbọn kan àti ìrẹsì tí kò tó kílò 5. Ọkùnrin tí ó fi ọkọ̀ gbé e dé etí igbó náà bẹ̀ ẹ́ títí, nígbà tí kò sì gbọ́, ó fún un ní bàtà rọ́bà àti oúnjẹ ọ̀sán ara rẹ̀. Ní oṣù Keje ọmọ náà fẹ́ padà wá sí àárín ènìyàn, ṣùgbọ́n odò Teklanika, tí ó ti là kọjá nígbà tí omi rẹ̀ kéré, ti kún, ó sì ń ru. Ní ibi tí kò jìnnà sí ibi tí ó dúró, okùn irin àti agbọ̀n tí a fi ń sọdá odò náà wà. Kò mọ̀, nítorí pé kò ní àwòrán ilẹ̀ tí ó péye lọ́wọ́. Ó padà sínú ògbólógbòó bọ́ọ̀sì kan tí a ti pa tì sínú igbó, ibẹ̀ ni ó sì kú sí ní oṣù Kẹjọ, ní ẹni ọdún 24. Oṣù Kẹsàn-án ni àwọn ọdẹ rí òkú rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó wá a dé ibẹ̀, nítorí pé kò sí ẹni tí ó mọ̀ pé ó yẹ kí ó ti dé.

Ọ̀rọ̀ náà kò parí síbẹ̀. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, àwọn mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í rin ìrìn-àjò lọ wo bọ́ọ̀sì náà. Obìnrin méjì, ọ̀kan ní 2010, èkejì ní 2019, ni odò náà gbé lọ. Léraléra ni a sì ń rán àwọn agbẹ̀mílà lọ kó àwọn tí ó há sí ọ̀nà, títí tí ìjọba fi ní kí àwọn ológun fi hẹlikópítà gbé bọ́ọ̀sì náà kúrò níbẹ̀ ní oṣù Kẹfà 2020. Ẹ ò rí i pé kò sí ẹni tí ó jẹ́ ti ara rẹ̀ nìkan. Ẹni tí ó bá ní òun kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè kò mọ ẹni tí yóò gbé òkú rẹ̀.

Mo lè sọ èyí láìfi ṣe ìdájọ́ ọmọ náà, nítorí pé èmi pẹ̀lú ti jẹ̀bi irú ẹ̀bi rẹ̀. Nígbà tí mo wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí mo ń kẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì, mo gbọ́ nípa ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kan tí à ń pè ní Pennine Way. Tom Stephenson ni ó dá a lábàá ní 1935, ọ̀nà ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí mo ti ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ni ó sì fún un ní ìmísí. Ní 1965 ni a ṣí i. Láti abúlé Edale títí dé Kirk Yetholm ní ilẹ̀ Skọ́tíláńdì, ó tó nǹkan bí 430 kìlómítà. Mo pinnu láti rìn ín ní àkókò ìsinmi. Ojú ń tì mí láti sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi, kí wọ́n má baà fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí ìyá mi pè mí lórí tẹlifóònù, mo sọ fún un pé mo ń lọ kàwé ní ìlú mìíràn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kìíní gan-an, ní orí òkè tí à ń pè ní Bleaklow, kùrukùru ṣú bo gbogbo ilẹ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ jẹ́ ẹrẹ̀ dúdú tí kò ní igi, gbogbo ihò àti gegele rẹ̀ sì jọ ara wọn. Mo rì sínú ẹrẹ̀ dé orúnkún, mo sì sọ ipa ọ̀nà nù. Mo jókòó sórí òkúta kan. Ohun tí ó wá sí mi lọ́kàn kì í ṣe ikú. Ohun tí ó wá sí mi lọ́kàn ni pé bí mo bá kú síhìn-ín, inú yàrá ìkàwé ni ìyá mi yóò ti máa wá mi. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí ju òtútù lọ. Nígbà tí kùrukùru náà ká díẹ̀, mo yí padà, mo sì fi etí wá ìró ọkọ̀ títí mo fi bọ́ sí títì tí ó gba àárín òkè náà kọjá. Ẹnìkan tí n kò mọ̀ rí ni ó gbé mi dé ìlú Glossop.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà mo pe ìyá mi, mo sì jẹ́wọ́. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ọmọ mi, ta ni ó rán ọ?" N kò rí èsì fún un. Ohun tí mò ń kọ yìí ni èsì tí ó yẹ kí n ti fún un.

Ó ku òṣùwọ̀n kẹrin, òun sì ni ó ṣòro jù fún ọ̀pọ̀ ènìyàn: ẹ̀tọ́ láti padà. Ohun tí n kò tí ì sọ nípa Emma Gatewood ni pé ìrìn 1955 kọ́ ni ó kọ́kọ́ dáwọ́ lé. Ní 1954 ó ti bẹ̀rẹ̀ láti Maine, ní òdì kejì. Ó ṣìnà nínú igbó, awò ojú rẹ̀ fọ́, àwọn olùtọ́jú igbó sì gbà á níyànjú pé kí ó padà sílé. Ó sì padà. Ó mú un mọ́ra, ó tún ara ṣe, ó sì tún jáde ní ọdún kejì. Àwọn àgbà kò parọ́ nígbà tí wọ́n ní àgbò tí ó fi ẹ̀yìn rìn, agbára ni ó lọ mú wá. Bí ó bá ti kọ̀ láti padà ní 1954, ó ṣeé ṣe kí a má gbọ́ orúkọ rẹ̀ rárá.

Èmi ní tèmi, mo fi ọdún púpọ̀ pa ìtàn Bleaklow mọ́ sínú bí ẹni tí ó jalè. Ọmọ kan ni ó wò mí sàn. Ní ilé ìwé kan tí mo bẹ̀ wò ní àkókò òjò, mo rí i nínú ìwé orúkọ pé ọmọkùnrin kan kò wá fún ọjọ́ mẹ́ta tẹ̀lé ara wọn. Olùkọ́ rẹ̀ sọ fún mi pé ọ̀lẹ ni, pé òun yóò nà án. Mo pe ọmọ náà. Ó ní odò tí ó wà láàárín ìletò àwọn àti ilé ìwé kún. Pé òun wá dé etí odò lójoojúmọ́, òun dúró, òun sì padà. Mo bi olùkọ́ náà bóyá ó fẹ́ kí ọmọ náà wọ inú odò. Kò dá mi lóhùn, wọn kò sì na ọmọ náà. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń lọ sílé, mo rí i pé ọmọ yìí, tí àìní rán níṣẹ́, mọ ohun tí èmi tí mo rán ara mi kò mọ̀: pé ẹni tí ó dé etí odò ní ìgbà mẹ́ta, tí ó sì padà ní ìgbà mẹ́ta, kò fi iṣẹ́ sílẹ̀. Iṣẹ́ náà ni ó ń jẹ́.

Nítorí náà, èsì mi sí ìbéèrè tí a fi bẹ̀rẹ̀ ni pé ó tọ́ kí ènìyàn jáde lọ sí ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni kò rán an, bí ó bá lè ṣe olúwa rere fún ara rẹ̀. Kí ó mọ ohun tí ó ń wá lọ, bí kò tilẹ̀ lè ṣàlàyé rẹ̀ tán. Kí ó di ìwọ̀n ẹrù tí èjìká rẹ̀ lè gbé. Kí ó fi ọ̀rọ̀ òtítọ́ sílẹ̀ nílé. Kí ó sì ti fún ara rẹ̀ láyè láti padà, kí ó tó gbé ẹsẹ̀ kìíní. Bí ó bá tún pàdé ọmọ tí ń fi ẹsẹ̀ rin ìdájí lọ sí ilé ìwé, kí ó má ṣe sọ̀rọ̀ nípa ìrìn tirẹ̀ níwájú ọmọ náà. Kí ó wá bí a ó ti ṣe afárá sórí odò.

Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, kí á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ẹni tí ẹlòmíràn rán kò ní ipá lórí bí wọ́n ṣe rán an. Ọ̀nà tí yóò gbà jẹ́ iṣẹ́ náà nìkan ni ó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó rán ara rẹ̀ kò ní àwáwí. Kí ó rí i dájú pé òun kò rán ara òun bí ẹrú tí ẹnikẹ́ni kò bìkítà bóyá yóò padà. Kí ó rán ara rẹ̀ bí ọmọ tí a ń retí nílé.